Sítíárì Mẹ́ta Tó Wà Lẹ́yìnkùlé

Ẹni tó bá gbé sítíárì ọkọ̀ wá síwájú Adájọ́, tó sì gbé e kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà lókè, ti pàdánù ìdajì ọ̀wọ̀ tí ì bá rí gbà. "Dojú ẹ̀ dé ná," ni Adájọ́ máa ń wí. Ojú sítíárì, ẹnikẹ́ni ló lè kùn ún, ẹnikẹ́ni ló lè fi epo dán an. Ẹ̀yìn ni òtítọ́ ń gbé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń lu nọ́ńbà oṣù àti ọdún mọ́ irin lára. Ẹ̀yìn ni ihò bóòtù wà, yálà mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, tí yóò sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n dì í mọ́. Bọ́tìnnì họ́ọ̀nù tó wà láàárín ńkọ́? Adájọ́ kò fi ojú ire wo bọ́tìnnì rí. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí í sọnù, òun náà ni nǹkan àkọ́kọ́ tí àwọn oníjìbìtì máa ń fi òmíràn rọ́pò. "Ẹni tó bá ń fi bọ́tìnnì mọ sítíárì," ni yóò wí, "fìlà ló fi ń mọ èèyàn."

Ìnagijẹ ni Adájọ́, kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ o. Tíṣà ni, èyí tó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́, tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn lórí sítíárì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Bí èèyàn bá wo nǹkan kan fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó lè kórìíra rẹ̀, ó sì lè yó ìfẹ́ rẹ̀. Adájọ́ yó ìfẹ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn, ìyẹn kò yàtọ̀ sí bàtà iléèwé, ọ̀kan ò sàn ju ọ̀kan lọ. Èyí tí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ lọ rà láyé ọjọ́un, tó tú ti àkọ́kọ́ sọnù nítorí ó fẹ́ kí nǹkan gidi wà lọ́wọ́ òun, ni Adájọ́ ń kó jọ. Ó ní onípákó tí wọ́n fi ìṣó idẹ wẹ́wẹ́ kàn yíká. Ó ní èyí tí apá irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn ṣíbí. Ó ní aláwọ dúdú, aláwọ pupa, àti ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní orúkọ mọ́.

Méjìlélógójì ló so rọ̀ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ti bínú sí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di ẹ̀rín. "Ilé yìí ní sítíárì méjìlélógójì," ni ó máa ń sọ fún àlejò, "kò sì tíì rìn dé ẹnu géètì."

Nínú gbogbo wọn, èyí tí Adájọ́ fẹ́ràn jù ni Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Bí àwọn tó ń kó sítíárì jọ ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí ẹyẹ kékeré tó wà lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kótópó kan ló ń ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń rán awọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti bí ogójì ọdún, kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Ohun gbogbo tí èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀, inú ìwé olójú-ewé ogún tí Adájọ́ fi ọwọ́ kọ ni wọ́n ti kà á. Wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ìwé yìí káàkiri, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò mọ Adájọ́ rí fi ń fi í búra. Ojú ewé keje ló lókìkí jù. Ó ní ojú rírán Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gidi máa ń fì sí ọ̀tún. Èyí tó bá fì sí òsì, ayédèrú ni.

Ibo ló ti rí òfin yìí? Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó rí ọ̀kan tó fì sí òsì, bọ́tìnnì rẹ̀ sì jẹ́ ike lásán. Ló bá ti parí ẹjọ́. Ọkùnrin tó ní ká má fi bọ́tìnnì mọ sítíárì, bọ́tìnnì ló fi dá àwọn yòókù lẹ́bi. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e dé, tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sì pé, Adájọ́ ní olè tó gbọ́n ló ṣe é. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, tí nọ́ńbà pé, tí ihò bóòtù pé, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé, ó ní olè náà gbọ́n gan-an ni. Ẹ ò rí nǹkan bí? Bí ẹ̀rí ṣe ń pọ̀ sí i ni olè tí kò sí ń gbọ́n sí i.

Mẹ́ta nínú àwọn tó fì sí òsì yìí wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, lórí ìṣó, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó kó wọn síbẹ̀ kí ó lè máa fi han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ayédèrú mọ̀. Ó fi ọ̀dà pupa kọ AYÉDÈRÚ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyàwó rẹ̀ kò fi ṣòfò, ara wọn ló ń sá aṣọ ìnulẹ̀ sí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà dé nígbà tí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó dára jù nínú pálọ̀, èyí tí Adájọ́ máa ń fi epo pa ní oṣooṣù. Ọkùnrin tó máa ń bá a rán nǹkan ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ gbé e lọ fún télọ̀ tó wà nígun òpópónà," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Obìnrin tó tún tìmùtìmù wa rán. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́."

"Tìmùtìmù! O fẹ́ kí ẹni tó ń rán tìmùtìmù fọwọ́ kan Alápàáǹdẹ̀dẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó máa tú nígbà náà."

Ó gbé e lọ. Ó fi táwẹ̀lì wé e bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà: maṣín-ìn méjì, òwú lóríṣiríṣi lórí pátákó, ẹfun ìfàlà lórí tábìlì, fóòmù tí wọ́n tò kan àjà. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, ìka ló sì fi ń yàn wọ́n, kò wò wọ́n. Ìyá télọ̀ náà ni.

Adájọ́ kí wọn, ó tú táwẹ̀lì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. "Abẹ́rẹ́ méjì ni wàá fi rán an, òwú tí wọ́n fi ìda pa. Má jẹ́ kí awọ ká jọ. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, kí rírán fì sí ọ̀tún. Tó bá fi lè fì sí òsì pẹ́nrẹ́n, o ti sọ ọ́ di ayédèrú."

Ìyá arúgbó tó wà lẹ́bàá fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. "Gbé e wá kí n wò ó," ni ó wí.

Adájọ́ kò fẹ́, àmọ́ ta ni yóò sọ fún ẹni tó ju ẹni lọ pé kó má wo nǹkan? Ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ìyá náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí sítíárì náà balẹ̀ tó fi dojú rẹ̀ dé. Adájọ́ sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn, kò tíì rí ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òun sọ fún un. Ìyá náà fi àtàǹpàkò òsì tọ ojú rírán náà yípo, díẹ̀díẹ̀, ó dé ibi tó ti tú, ó sì mi orí.

"Ìkánjú ló rán èyí," ni ó wí.

"Ta ni Ìkánjú, Màmá?"

"Ọ̀rẹ́ mi. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ ẹ̀ yá, kò sẹ́ni tó lè bá a. Àmọ́ tó bá ti kù díẹ̀ kó parí báyìí, tí àsìkò oúnjẹ bá ti ń sún mọ́, kì í fa òwú le mọ́. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Wò ó, ibi tó parí sí náà ló ti tú."

Adájọ́ wá àga, kò rí, ó jókòó lórí fóòmù. "Màmá, ibi tí wọ́n ti ń ṣe Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lẹ ti ṣiṣẹ́?"

"Àwa márùn-ún là ń rán awọ níbẹ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lẹ ń pè é? Ẹyẹlé ni ọ̀gá wa sọ pé òun yà."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ṣì ń fi ọwọ́ pa sítíárì náà. "Tàwọn mẹ́rin yòókù ló fì sí ọ̀tún. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ibi tí ọwọ́ bá fa òwú sí ni rírán máa ń kọjú sí. Ọ̀gá wa kọ́kọ́ pariwo, ìgbà tó wá rí i pé tèmi kì í padà wá fún àtúnṣe, ó panu mọ́."

Bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé Adájọ́ lórí ni. Ó bi í léèrè: "Ẹ̀yin mélòó lẹ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì?"

"Èmi nìkan ni." Ó gbé ojú sókè, ojú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. "Wọ́n ní o máa ń kó wọn jọ. Ǹjẹ́ o ti rí ọ̀kan tèmi rí?"

Kí Adájọ́ tó dáhùn, télọ̀ ti dá sí i. "Ẹ má dá wọn lóhùn, sà. Wọ́n ti dà mí láàmú. Mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́, wọ́n ní èyí tó fì sí òsì kò sí."

"Mi ò dà á láàmú," ni ìyá náà wí. "Mo fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kan kí n tó lọ ni. Ogún ọdún ni mo fi jókòó níbẹ̀. Ìkánjú tó ń sáré oúnjẹ, tiẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n ń fi táwẹ̀lì gbé e kiri. Tèmi ti já dànù. Mo rò pé iṣẹ́ mi dára ni. Ó jọ pé kò dára."

"Màá wò ó, Màmá," ni Adájọ́ wí. Ọ̀rọ̀ tí ojo máa ń sọ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé táwẹ̀lì rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tó délé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Ó ká aṣọ ìnulẹ̀ kúrò lára sítíárì mẹ́ta náà, ó kó wọn sórí ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ tì wọ́n. Ọdún méje ni aṣọ tútù ti wà lára wọn. Òjò ti pa wọ́n, oòrùn ti sá wọn. Awọ náà ti le, ó ti là wẹ́wẹ́ níbi kan, àmọ́ òwú náà! Ojú rírán kan kò tú. Gbogbo wọn gbọgba, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n fì sí òsì láìṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Iṣẹ́ tó mọ́ ju ohunkóhun tó wà nínú pálọ̀ lọ ni. Ó dùn ún pé ojú òun rí i fún ọdún méje tí òun kò sì wò ó. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde wá.

"Ta ló ká aṣọ mi?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

"Mo lè fi kẹrosínì nu ọ̀dà yìí kúrò," ni Adájọ́ wí nígbà tó parí. "Màá gbé ọ̀kan lọ fún Màmá lọ́la. Màá ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Inú wọn á dùn."

"Inú wọn á dùn. Àwọn tó ń ka ìwé yín, tí wọ́n sì ń ju tiwọn nù káàkiri ńkọ́?"

"Orúkọ mi ńkọ́? Ṣé kí n dìde láàárín àwọn èèyàn, kí n ní mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ?"

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́. Adájọ́ tó bá mọ̀ pé òun ti ju aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n, tó wá ń yọ́ ṣílẹ̀kùn fún un láti ẹ̀yìnkùlé, ṣé adájọ́ nìyẹn?" Ó ṣa àwọn aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì wọlé. Adájọ́ kò fi kẹrosínì nu nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwọn tó ń kó sítíárì jọ máa ń pàdé ní pálọ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n bá télọ̀ àti ìyá rẹ̀ nínú àga ńlá, ibi tí Adájọ́ fúnra rẹ̀ máa ń jókòó, ó sì yà wọ́n lẹ́nu. Ìyàwó Adájọ́ gbé tíì fún wọn. Sítíárì mẹ́ta wà lórí tábìlì tí wọ́n dojú wọn dé, ọ̀dà pupa náà sì ń wo gbogbo ilé.

Adájọ́ kò jókòó. "Ẹ ṣí ìwé yín sí ojú ewé keje," ni ó wí, "kí ẹ sì fagi lé e. Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni, mo kàn gbọ́n lójú ara mi ni. Àwọn tó fì sí òsì kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó rán wọn ló jókòó yìí."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan pamọ́, títí kan ti aṣọ ìnulẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́.

Àtàǹpàkò òsì ìyá náà ń rìn lọ lójú rírán náà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. "Òun ni," ni ó wí. "Ẹ fọwọ́ kàn án níbí. Mo máa ń dá òwú padà sábẹ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gé e. Àwọn yòókù ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan." Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka kan ibẹ̀, wọ́n sì bá kókó kékeré kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kíyè sí rí. Ẹnì kan ní, "Ó mà kéré o!" bí ẹni ń gbàdúrà.

Ìka ìyá náà wá bá ọ̀dà tó nípọn lẹ́yìn irin. "Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Ayédèrú, Màmá," ni Adájọ́ wí. "Èmi ni mo kọ ọ́."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn tó wà níbòmíràn, èmi ni mo ní kí wọ́n jù wọ́n nù. Ìdí tí ọmọ yín ò fi rí ọ̀kan rà nìyẹn."

Ìyá náà tún fi ìka kan kókó òwú náà. "Wọn ò wá já nígbà náà."

"Wọn ò já, mà. Ọ̀kan ò já."

"Wọn ò já," ni ìyá náà tún wí fún ọmọ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì kan ti dìde lẹ́yìn, ọkùnrin gìrìwò kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó pe Adájọ́, "ọdún kẹsàn-án rèé. Sítíárì ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni mo gbé wá sórí tábìlì yìí. Ẹ wo ojú rírán ẹ̀, ẹ ní ayédèrú ni. Ojú tì mí, mo ní wọ́n rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé e fún àwọn onírin àlòkù. Wọ́n ti yọ́ ọ."

Kò sí sítíárì kan lára ògiri náà tí Adájọ́ lè gbé fún un. "Mo jẹ̀bi," ni ó wí. "Mi ò ní nǹkan tí mo lè fi rọ́pò ẹ̀."

"Ẹ jẹ̀bi lóòótọ́," ni mẹkáníìkì náà wí. Ó gbé ife kalẹ̀, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ tó ń bínú yẹn," ni ìyá arúgbó wí, "wá síbí."

Ọkùnrin náà dúró. Ó yí padà, ó sì wá dúró síwájú àga náà bí ọmọ iléèwé.

"Ọkọ̀ wo ni ẹ̀gbọ́n ẹ wà?"

"Ọkọ̀ akérò ni, mà. Ọdún mẹ́rìndínlógún, àràárọ̀."

"Òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́ rí?"

"Rárá, mà."

"Awọ bó? Ó gé e lọ́wọ́?"

"Kò gé e lọ́wọ́ rí." "Ó ta ọkọ̀ nígbà tí àìsàn dé, kò ta sítíárì. Ó ní kí n tú u wá fún òun. Orí bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń gbé e lé àyà, á kàn dì í mú. Ó ní sítíárì náà nìkan ni nǹkan tó ṣì rọ òun lọ́wọ́."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọmọ tó lọ sí ìrìn àjò jíjìn. "Èmi ni mo rán an," ni ó wí.

Mẹkáníìkì náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ dúdú méjèèjì, tí òróró ọkọ̀ ti wọ èékánná wọn, gbá ọwọ́ òsì ìyá náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn yòókù dìde láti sún mọ́ wọn. Adájọ́ dúró lẹ́bàá ògiri rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára kí àwọn èèyàn wo ojú òun kí wọ́n tó gba nǹkan gbọ́ nínú pálọ̀ yìí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kankan kò wò ó.